Bátìrì Ń Gbó Lọ́tọ̀, Láptọ́ọ̀pù Ń Gbó Lọ́tọ̀

Mo tẹ̀lé àbúrò mi obìnrin lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti lọ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó máa gbé wọ yunifásítì. HP EliteBook 840 G5 ló wù ú, irú èyí tó jáde lọ́dún 2018, tí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun lò fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tà á fáwọn tó ń kó o wọ Èkó. Ara ẹ̀rọ náà ṣì ń dán. Ọmọkùnrin tó ń tà á yọ ṣájà lára ẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ka sí àmì bátìrì nísàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, 100 ló wà yẹn. Bátìrì ẹ̀ ṣì le dáadáa.”

Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú méjì. Mo tẹ bọ́tìnnì Windows, mo kọ cmd, mo tẹ Enter. Ojú dúdú kan yọ, mo sì kọ èyí sínú ẹ̀:

powercfg /batteryreport

Ẹ̀rọ náà sọ ibi tó tọ́jú àbọ̀ ìwádìí ẹ̀ sí fún mi, mo ṣí i. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìlà méjì péré ni mo ń wá. Ìlà DESIGN CAPACITY ń sọ agbára tí bátìrì lè gbà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é: 50,050 mWh. Ìlà FULL CHARGE CAPACITY tó wà lábẹ́ ẹ̀ ń sọ agbára tó lè gbà lónìí: 29,030. Mo fi fóònù pín nọ́ńbà kejì sí èkíní. Ìdá 58 nínú 100 ló kù nínú bátìrì yẹn.

Ọmọkùnrin yẹn ò purọ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ náà dà bí àmù tí ẹrẹ̀ ti dì sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ pọn omi kún un dé ẹnu, ó kún lóòótọ́, àmọ́ omi tí ẹ máa rí bù níbẹ̀ ò lè tó ti ìgbà tí àmù ṣì wà ní tuntun. Àmì 100 ń sọ fún yín pé àmù kún. Kò sọ bí ẹrẹ̀ ṣe ga tó.

A ṣì ra ẹ̀rọ náà. A ní kó yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tó kọ́kọ́ pè, ó sì gbà, torí òun náà ti fojú ara ẹ̀ rí nọ́ńbà yẹn. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó bẹ̀ mí kí n bá òun kọ àṣẹ yẹn sẹ́yìn káàdì kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e ṣáájú nínú orí yìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àwọn oníṣòwò sábà máa ń fi Windows tuntun sórí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kí wọ́n tó gbé e síta, nítorí náà ìtàn ìlò tó wà nísàlẹ̀ àbọ̀ náà lè má ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Inú bátìrì fúnra ẹ̀ ni nọ́ńbà méjì ti òkè yẹn ti ń wá, Windows tuntun ò lè pa á rẹ́.

Àṣìṣe tó ń ná àwọn èèyàn wa lówó jù ni pé wọ́n ń ka ọjọ́ orí bátìrì mọ́ ti láptọ́ọ̀pù. Bátìrì á gbó, wọ́n á ní ẹ̀rọ ti kú, wọ́n á tà á lówó pọ́ọ́kú fẹ́ni tó mọ̀ pé bátìrì nìkan ló ń dà á láàmú. Bí táyà ṣe wà lára mọ́tò ni bátìrì ṣe wà lára láptọ́ọ̀pù. Ó máa jẹ, ẹ ó pààrọ̀ ẹ̀, mọ́tò ó máa lọ.

Ohun tó ń mú bátìrì gbó

Lithium-ion ni bátìrì inú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo láptọ́ọ̀pù òde òní. Ilé-iṣẹ́ Sony ló kọ́kọ́ gbé e sọ́jà lọ́dún 1991, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2019. Nígbà tí ẹ bá ń ṣájì, lithium á rìn láti apá kan bátìrì bọ́ sí apá kejì. Nígbà tí ẹ bá ń lò ó, á rìn padà. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ tó ń bọ̀, díẹ̀ nínú ẹ̀ máa ń há sọ́nà, kò sì ní lè rìn mọ́. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àmù tí mo ń sọ nìyẹn.

Àlọ kan àti àbọ̀ kan la máa kà sí ìyípo kan. Kì í ṣe iye ìgbà tí ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́ là ń kà o. Bí ẹ bá lo ìdajì bátìrì lónìí, tí ẹ ṣájì ẹ̀, tí ẹ tún lo ìdajì lọ́la, ìyípo kan ṣoṣo lẹ lò. Apple sọ pé bátìrì MacBook òde òní lè mú tó ìdá 80 dání lẹ́yìn ìyípo 1,000. Ọ̀pọ̀ bátìrì láptọ́ọ̀pù mìíràn, ìyípo 300 sí 500 ni wọ́n ṣe é fún. Nínú àbọ̀ powercfg, CYCLE COUNT ni orúkọ ìlà ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀rọ kan kì í kọ nǹkan kan síbẹ̀. Lórí Mac, ẹ di Option mú, ẹ tẹ àmì ápù lókè, ẹ yan System Information, kí ẹ wá wọ Power.

Ṣùgbọ́n bátìrì tí ẹnikẹ́ni ò lò náà ń gbó. Èyí tó wà nínú páálí láti ọdún 2019 kì í ṣe tuntun mọ́, bí wọn ò bá tiẹ̀ tíì ṣí i. Ohun méjì ló ń koná mọ́ ọn: ooru, àti kí ó wà ní kíkún pẹ́ títí. Bátìrì tó kún, fólítì ẹyọ (cell) kọ̀ọ̀kan inú ẹ̀ máa ń ga tó nǹkan bíi 4.2, èyí tó wà láàárín, nǹkan bíi 3.7. Níbi gíga yẹn, àwọn kẹ́míkà inú ẹ̀ ò sinmi, wọ́n ń jẹ ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ooru ló wá ń jẹ́ kí ìjẹra yẹn yá.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń lo láptọ́ọ̀pù nílé wa. Ọ̀sán oṣù kẹta, oòrùn mú, fáànù ò yí, a gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì, kúbùsù dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nísàlẹ̀ ẹ̀, ṣájà wà lára ẹ̀, ó ti kún láti àárọ̀. Ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀. Bí ẹ ò bá lè fi ọwọ́ yẹn síbẹ̀ kí ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá, bátìrì ń jìyà. Pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹ̀fọ́, tàbí ìwé ńlá kan tó le lẹ́yìn, ti tó láti gbé sábẹ́ ẹ̀. Inú mọ́tò tí wọ́n páàkì sínú oòrùn tún burú jùyẹn lọ, ooru ibẹ̀ lè kọjá dígíríì 50. Ẹ má fi láptọ́ọ̀pù síbẹ̀ kí ẹ ní ẹ fẹ́ yára wọ báǹkì.

Eruku ọyẹ́ náà ní ọwọ́ ńlá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, á máa wọ inú fáànù ẹ̀rọ, á dì mọ́ irin tó ń gbé ooru jáde, á rí bí òwú. Bí ẹ bá gbọ́ tí fáànù ń ké ṣáá nígbà tí ẹ ò ṣe ju kí ẹ ka ìwé lọ, ẹ gbé e fún onímọ̀ ẹ̀rọ kó ṣí ìdí ẹ̀, kó fọn eruku yẹn jáde. Mo máa ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa kan ṣì ń sọ pé kéèyàn lo bátìrì tán pátápátá kó tó ṣájì ẹ̀, àti pé kí wọ́n fi bátìrì tuntun sórí iná fún wákàtí mẹ́jọ kí wọ́n tó lò ó. Òótọ́ lọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó jẹ́ bátìrì nickel-cadmium la ń lò. Ní ti lithium-ion, lílò ó dé òdo lemọ́lemọ́ ń pa á ni. Ẹ ṣájì ẹ̀ nígbàkigbà tó bá wù yín.

Ṣé 80 ni àbí 100?

Ìmọ̀ràn tó gbòde ni pé kí bátìrì má kọjá 80, kó má sì wá sísàlẹ̀ ju 20 lọ. Ìmọ̀ràn gidi ni, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí iná kì í ṣẹ́jú ládùúgbò ẹ̀ ló bá mu jù, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbé e lé orí ara yín láìwo ibi tí ẹ ń gbé.

Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́rin ni wọ́n ń mú iná wá lóòjọ́ ládùúgbò yín, ẹ ṣájì ẹ̀ dé 100, láìbẹ̀rù. Bátìrì tó kún lálẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láàárọ̀, kò pẹ́ ní kíkún tó ohun tó máa bà á jẹ́. Ìdí tí ẹ fi ra bátìrì ni pé kó ṣiṣẹ́ fún yín nígbà tí iná ò sí. Ẹni tó ń fi bátìrì pa mọ́ ní 80, tó wá ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí ìdá 20 tí kò gbà, owó ló ń sọ nù.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ 80 kàn gbọ̀ngbọ̀n ni ẹni tó ní inverter àti sólà, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí ṣájà kì í kúrò lára ẹ̀rọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn tí bátìrì wọn ń tètè wú nìyẹn, ó sì rọrùn láti dènà ẹ̀. Lórí HP irú ti àbúrò mi, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tàn án padà, kí ẹ máa tẹ F10 títí ojú BIOS á fi ṣí. Ẹ wá Battery Health Manager, kí ẹ yan “Maximize my battery health”. Kò ní kọjá 80 mọ́. Lórí Dell, F2 lẹ máa tẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “Primarily AC Use” sí. Lórí ThinkPad, inú ètò Lenovo Vantage ni ẹ ti máa rí i. Bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù kan tì fún oṣù mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní nǹkan bíi ìdajì, ẹ pa á pátápátá, kí ẹ tọ́jú ẹ̀ síbi tó tutù. Èyí tí wọ́n lò tán dé òdo kí wọ́n tó gbé e sínú wọ́dúróòbù lè má jí mọ́.

Ọ̀rọ̀ ṣájà ò pẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó bá ẹ̀rọ yín wá. Ṣájà HP tí mo ń sọ yìí jẹ́ fólítì 19.5 àti áńpìà 3.33, tó jẹ́ wáàtì 65. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, fólítì ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Áńpìà lè jù ú lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ ní sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó ki ṣájà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí iná ìgbà yẹn sábà máa ń ru sókè.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kú lójijì

Ìṣòro kan wà tí àwọn èèyàn máa ń gbé wá bá mi: ẹ̀rọ á wà ní 30, á kàn kú pii, láìkìlọ̀. Ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń ka agbára bátìrì ti ṣìnà, kò mọ ibi tó wà mọ́. Ẹ ṣájì ẹ̀ dé 100, ẹ yọ ṣájà, ẹ lò ó títí á fi pa ara ẹ̀, ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí kan, kí ẹ tún ṣájì ẹ̀ kún láìdá a dúró. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ṣe é. Bó bá tún kú ní 30 lẹ́yìn ìyẹn, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ inú bátìrì ti bàjẹ́, ó sì ń fa àwọn yòókù lulẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni bátìrì tó wú. Ẹ máa fi ọwọ́ pa ara láptọ́ọ̀pù yín wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ibi tí ẹ ti ń fi ìka darí ẹ̀rọ bá ga sókè tàbí tó le láti tẹ̀, bí ìdérí ò bá pàdé mọ́, bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì tó mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, afẹ́fẹ́ ti kún inú bátìrì. Ẹ yọ ṣájà lójú ẹsẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ náà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlé padà, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Bátìrì lithium tí wọ́n gún lè gbiná mọ́ni lọ́wọ́, èéfín ẹ̀ sì ní májèlé. Ẹ gbé e lọ bá onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́, ẹ má sì jù ú sórí ààtàn tí wọ́n máa ń dáná sun. Mo mọ àwọn tó lo irú ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà torí pé “ó ṣì ń ṣiṣẹ́”. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí àwọn ọmọdé ń sùn.

Ríra bátìrì mìíràn

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀. Ti EliteBook 840 G5, SS03XL ni. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi rà á, ẹ má ṣe fi orúkọ láptọ́ọ̀pù nìkan rà á. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Tó bá ti ju ọdún méjì lọ, ẹ wá òmíràn. Nígbà tí wọ́n bá fi í sínú ẹ̀rọ tán, kí ẹ tó sanwó, ẹ tún kọ àṣẹ powercfg yẹn. Bátìrì tuntun gidi, nọ́ńbà méjèèjì máa ń sún mọ́ra gan-an, ìyípo ẹ̀ sì máa ń wà ní òdo tàbí kó má ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Àwọn ayédèrú kan mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà dáadáa, nítorí náà ẹ gba ìdánilójú ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹ sì fi aago wo ìlò ẹ̀ nílé.

Ìṣirò ẹ̀ ò le. Wáàtì tí ẹ̀rọ ń jẹ ni kí ẹ fi pín agbára bátìrì. Bátìrì 50 Wh lórí ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 10 á gbé e fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún. Bí bátìrì tuntun yín, tí wọ́n kọ 50 sí lára, bá ń lo wákàtí méjì ààbọ̀ nídìí iṣẹ́ kíkọ nìkan, tí ẹ sì ti dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù, ẹ dá a padà.

Láptọ́ọ̀pù náà ńkọ́?

Bátìrì ló ń kọ́kọ́ gbó. Lẹ́yìn ẹ̀ ni fáànù, irin tó so ìdérí mọ́ ara ẹ̀rọ, àti kíìbọọ̀dù. Ọpọlọ ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ kì í sábà kú. Mo ti rí ẹ̀rọ ọdún mẹ́wàá tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi jí i ò ju SSD tuntun tí wọ́n fi rọ́pò hard disk àtijọ́ àti RAM tí wọ́n fi kún un. SSD yìí tiẹ̀ ń ran bátìrì lọ́wọ́ díẹ̀, torí kò sí ohun tó ń yí nínú ẹ̀.

Ohun tó ń fòpin sí ẹ̀rọ àtijọ́ báyìí ni Windows. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró, àfi fẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ọdún kan àfikún. Windows 11 kì í sì í gba Intel tó bá kéré sí ìran kẹjọ, àfi ìwọ̀nba péréte. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì kékeré nínú orúkọ ẹ̀: i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-7200U jẹ́ ìran keje. Ẹ má fi orúkọ ẹ̀rọ nìkan tan ara yín jẹ. ThinkPad T480 tí gbogbo ayé ń wá, èyí tó ní ìran kẹjọ wà, èyí tó ní ìran keje náà wà. T480 yìí kan náà ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tó ṣeé yọ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì wà ní títàn. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí iná ò gbé dúró, tó ra bátìrì ẹ̀yìn méjì, á máa gbé wọn ṣe pààrọ̀. Èmi ò tíì rí ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó bá ìgbésí ayé wa mu tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fi kọ orí yìí ni ẹ̀gbọ́n T480, T450 tó jáde lọ́dún 2015. Linux Mint ló wà lórí ẹ̀. Bí ẹ bá ń lo Linux bíi tèmi, upower -d ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá energy-full àti energy-full-design. Láàárọ̀ yìí, ti bátìrì inú jẹ́ 14.6 nínú 23.2, ìyẹn ìdá 63. Ti ẹ̀yìn, tó jẹ́ ẹ̀kẹta tí mo rà, ṣì wà ní ìdá 91. Mo ti fi bírò kọ oṣù àti ọdún tí mo rà á sára téèpù kékeré kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ẹ̀. Ti inú yẹn, mo máa pààrọ̀ ẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.